Mọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ fún eruku tó ń ṣù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: bí a ṣe ń lò ó, àti ibi tó kù sí

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ilẹ̀ pupa Ọbáńtokò gbẹ táútáú, kò sí ilé tí eruku kì í wọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ gbálẹ̀ láàárọ̀, ẹ tún gbá a lálẹ́, tó bá di ọjọ́ kẹta tí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó bá a níbẹ̀: eruku ti ṣù, ó wú bí òwú, ó ń yí kiri bí atẹ́gùn fáànù ṣe ń tì í. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni mọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ, èyí tó ní ọ̀pá gígùn tó ṣeé fà jáde, tó sì ní aṣọ microfibre (aṣọ tí fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín gan-an) nísàlẹ̀, tí àwọn tó ń ta ohun èlò ilé ní Kútọ̀ àti Pánṣẹ́kẹ́ máa ń fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn. Nínú gbogbo ohun tí apá mẹ̀kúnnù ká, kò sí èyí tó ń kó eruku ṣíṣù kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bíi tirẹ̀, bí a bá ti lò ó ní gbígbẹ. Ẹni tó bá ń rẹ ẹ́ sómi kó tó tì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tó ń ṣe.

Kí a tó dé orí mọ́ọ̀pù, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń kó. Ẹ rọra fi ìka méjì mú ẹyọ kan nínú eruku ṣíṣù yìí, ẹ gbé e sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni irun. Irun orí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n bá ti ń dirun, atáṣímẹ́ǹtì ló máa ń pọ̀ jù: ó gùn, ó ń dán, kì í rà. Òun ni igi àjà tí gbogbo ìyókù gùn lé. Fọ́nrán òwú a wá so mọ́ ọn, aró láti ara àdìrẹ, funfun láti ara bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, pupa láti ara bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rí èépá kéékèèké tó ń bó lára ènìyàn lójoojúmọ́, ẹ ó rí òwú aláǹtakùn, ẹsẹ̀ èèrà, ìyẹ́ èsúnsún, eérú kọ́ìlì ẹ̀fọn, àti èérún tó já lára ìgbálẹ̀ fúnra rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa kíkúnná ló wá bo gbogbo rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá fi osùn pa á.

Bí nǹkan wọ̀nyí bá ń fara gbo ara wọn, wọ́n ń bí iná kékeré, irú èyí tó máa ń ta ènìyàn bó bá ń bọ́ aṣọ ọlọ́ràá lásìkò ọyẹ́. Iná yìí ló ń fà wọ́n mọ́ra, irun ló sì ń dì wọ́n pọ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í jẹ́ kí iná náà tètè kú, ìdí nìyẹn tí ṣíṣù rẹ̀ fi máa ń tóbi láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, tí afẹ́fẹ́ lómi nínú, eruku náà kì í ṣù tó bẹ́ẹ̀; ńṣe ló ń lẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti abẹ́ àga ló ń lọ nítorí pé atẹ́gùn ń gbé e kúrò láàárín yàrá, bó bá dé abẹ́ ohun tó sún mọ́lẹ̀, agbára atẹ́gùn a rọ̀, a sì já a sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ tó máa dé ibẹ̀ tú u ká.

A ò lè sọ pé ká sọ ọwọ̀ nù. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ ń wọ igun tí nǹkan mìíràn ò lè wọ̀, kò sì sí ohun tó dà bíi rẹ̀ lójúde. Ṣùgbọ́n bí ọwọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ni wàhálà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá tẹ ẹyọ ọwọ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tẹ̀; bí ẹ bá fà á, ó ń ta padà. Títa yẹn ló ń gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ, òun náà ló ń ju eruku kíkúnná sókè, eruku náà sì lè wà lófurufú fún wákàtí mélòó kan kó tó balẹ̀ sórí ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Eruku ṣíṣù ní tirẹ̀ fúyẹ́: afẹ́fẹ́ tí ọwọ̀ ń fẹ́ níwájú ti tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ọwọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọwọ̀ nìkan lẹ bá ní, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ omi, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù títí tí kò fi ní kán mọ́, kí ẹ wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí ẹ sì wọ́ ọ bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín láì ta á. Omi wíwọ́n sílẹ̀ tí à ń ṣe lójúde kò dára lórí táìsì. Ńṣe ló ń sọ eruku di ẹrẹ̀ nínú ihò tó wà láàárín táìsì sí táìsì.

Ó di orí mọ́ọ̀pù. Ohun mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: ọ̀pá, ọrùn àti ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tàbí páànù pẹlẹbẹ, èyí tó wọ́pọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, ó fẹ̀ tó 10. Velcro ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń di aṣọ mú bí èèmọ́ ṣe ń di aṣọ mú lóko. Ọrùn ni ibi tó ń yí, òun ló sì ń sọ bóyá mọ́ọ̀pù máa wọlé: ẹsẹ̀ lè tín-ín-rín, ṣùgbọ́n bí ọrùn bá ga, kò ní wọ abẹ́ àga tìmùtìmù tó sún mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó ra, ẹ to ìka mẹ́rin pọ̀, kí ẹ fi wọn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti àga yín. Ibi tí ìka mẹ́rin tó tò pọ̀ bá wọ̀, ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ á wọ̀ ọ́. Ibi tí kò bá wọ̀, ọwọ̀ tútù ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ wá àkísà dì mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́.

Gígùn ọ̀pá náà ṣe pàtàkì ju bí àwọn òǹtajà ṣe ń sọ lọ. Bẹ́ẹ̀dì six by six fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 183. Bó bá dúró láàárín yàrá, tí ẹ lè ti ọ̀tún ti òsì wọlé, ibi tó jìn jù jẹ́ nǹkan bíi 92, ọ̀pá tó ń dé 120 sì tó o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yàrá wa kì í gba irú ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì ti máa ń kan ògiri. Láti ẹ̀gbẹ́ tó ṣí sílẹ̀, ẹ nílò 183 gbáko kí ẹ tó kan ògiri, ọ̀pá 120 kò sì lè dé ibẹ̀ láì jẹ́ pé ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ na apá sí i. Bẹ́ẹ̀dì four and half by six, tó fẹ̀ ní 137, rọrùn díẹ̀: bí ẹ bá kúnlẹ̀, tí ọwọ́ yín wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí igbọ̀nwọ́ kan, ó parí. Ọ̀pá tó bá lè dé 150 ni kí ẹ béèrè bí bẹ́ẹ̀dì yín bá tóbi tó sì kan ògiri, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ọ̀kan náà ni. Ẹ ní kí wọ́n fà á jáde tán lójú yín.

Bí a ṣe ń lò ó rèé. Ẹ pa fáànù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, kí ohun tó wà lófurufú lè balẹ̀, kí ẹ sì ti fèrèsé tó bá dojú kọ títì. Bí ewé fáànù àjà bá dọ̀tí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ nù; ẹni tó bá nu ilẹ̀ kó tó nu fáànù yóò tún ilẹ̀ nù. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ sí ẹsẹ̀ mọ́ọ̀pù. Ẹ tì í wọlé láti ìhà orí bẹ́ẹ̀dì, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹ sì máa fà á bọ̀ bí ejò ṣe ń rìn, ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún, kí etí kan náà máa ṣíwájú nígbà gbogbo. Ẹ má ṣe gbé e sókè láàárín iṣẹ́, nítorí ìgbà tí ẹ bá gbé e ni ohun tó ti kó jọ síwájú máa já sílẹ̀. Ẹ má sáré. Bí ẹ bá ń sáré, atẹ́gùn tí ẹsẹ̀ mọ́ọ̀pù ń fẹ́ níwájú á tì eruku ṣíṣù lọ, bí ọwọ̀ ṣe ń ṣe é. Bí ẹ bá rọra, fọ́nrán aṣọ náà á bá a, á sì mú un. Mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tó.

Bó bá jáde, gbogbo eruku ṣíṣù náà máa dúró bí ìgbànú ní etí iwájú aṣọ. Ẹ má gbọ̀n ọ́n sínú yàrá, ẹ má sì gbọ̀n ọ́n láti ojú fèrèsé sórí aṣọ aláàdúgbò tó ń sá. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn tí ẹ ti wọ́n omi sí nílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ mọ́ọ̀pù lé e, kí ẹ fi ọwọ́ bó ìgbànú eruku náà kúrò láti ìpẹ̀kun kan sí ìkejì. Ó máa ń bó lápapọ̀, bí awọ. Ẹ ká ìwé náà mọ́ ọn, ẹ sọ ọ́ sínú ọ̀rá.

Ẹ̀yìn èyí ni omi kàn. Aṣọ kejì ni kí ẹ lò: ẹ rẹ ẹ́, ẹ fún un títí tí kò fi ní kán mọ́, kí ẹ tún ọ̀nà kan náà tọ̀. Èyí ló ń kó eruku kíkúnná tó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí a bá fi omi ṣáájú, irun á tutù, á lẹ̀ mọ́ táìsì, fọ́nrán á sì máa yí lé e lórí láì lè gbé e. Ohun tó ń mú kí àwọn kan rà á kí wọ́n sì máa sọ pé kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n ń lò ó bí mọ́ọ̀pù olówùú inú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ibi tó máa ń bàjẹ́: ọrùn ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ rọ́bà, bí ènìyàn bá ń fi gbogbo ara tẹ ọ̀pá, ó máa ń là. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yí ọrùn náà káàkiri ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá ń dún kẹ́kẹ́, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí ọ̀pá ti ń fà jáde. Èyí tí à ń lọ́ kó tó mú máa ń yọ̀ bó bá pẹ́, ọ̀pá á sì máa wọlé sínú ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tì í. Ẹ tú u, ẹ nu eruku inú rẹ̀ kúrò, ẹ tún un lọ́. Bí kò bá gbọ́, ẹ wé téèpù mọ́ oríkèé rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Velcro ìsàlẹ̀ náà máa ń kún fún irun títí tí kò fi ní di aṣọ mú mọ́. Èyí kì í ṣe bíbàjẹ́: ẹ fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ tàbí abẹ́rẹ́ ńlá tú irun náà, á sì padà bọ̀ sípò.

Aṣọ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi ojú sí jù, nítorí ayédèrú pọ̀. Microfibre gidi jẹ́ polyester àti polyamide, oríṣi fọ́nrán àtọwọ́dá méjì, tí wọ́n là sí fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì. Àkọlé 80 sí 20, ìyẹn polyester ìdá 80 àti polyamide ìdá 20 nínú 100, ló wọ́pọ̀ lára èyí tó dára. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ pa á: gidi máa ń fà mọ́ ibi tí awọ ọwọ́ bá ti le díẹ̀. Ẹ kán omi díẹ̀ sórí nǹkan tó ń dán, ẹ gbé aṣọ náà lé e: gidi á fà á mu, ayédèrú á máa tì í kiri. Oríṣi aṣọ méjì ló wà. Èyí tó ní ìka gbọọrọ gbọọrọ bí ekòló ń kó eruku ṣíṣù dáadáa, ṣùgbọ́n atáṣímẹ́ǹtì máa ń lọ́ mọ́ ìdí ìka wọ̀nyẹn, ẹ ó fi ìdajì wákàtí tú u. Èyí tí fọ́nrán rẹ̀ kúrú, tó tẹ́jú, ni àwa máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn láti rà. Aṣọ mẹ́ta ni kí ẹ ní, ọ̀kan fún gbígbẹ, ọ̀kan fún tútù, ọ̀kan tí ń sá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní ẹyọ kan ló bá mọ́ọ̀pù wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń ta aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀ kí ẹ tó nájà. Mọ́ọ̀pù tí kò láṣọ àrópò kì í pẹ́ di ọ̀pá lásán.

Fífọ̀ rẹ̀ ló máa sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ kọ́kọ́ yọ irun àti eruku kúrò ní gbígbẹ. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà 4 sínú abọ́, ẹ fi ìdajì ṣíbí ìjẹun ọṣẹ ìfọṣọ sí i, ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ fún un, ẹ ṣàn án. Ẹ má fi bílíìṣì sí i, ó ń jẹ fọ́nrán náà. Ẹ má fi ohun olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, nítorí ńṣe ló ń fi òróró bo fọ́nrán, kò sì ní lè mú eruku mọ́. Ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ táwẹ̀lì tàbí aṣọ òwú, àwọn fọ́nrán òwú yẹn ló máa kó wálé. Ẹ sá a síbòji, kì í ṣe sí etí títì tí ọkọ̀ ń tú eruku. Kò gba áyọ́ọ̀nù.

Ibi tó kù sí ni rọ́ọ̀gì. Lórí rọ́ọ̀gì, mọ́ọ̀pù yìí ò lè ṣe ohunkóhun. Orí irun rọ́ọ̀gì ló máa rìn kọjá. Lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì tó rí ṣákaṣàka, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní apá Ìtokú, fọ́nrán rẹ̀ á máa kọ́, á sì máa ya. Ọwọ̀ tútù sàn ju u lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní rọ́ọ̀gì láti ògiri dé ògiri, ẹ̀rọ tó ń fa eruku ló máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe tuntun: ní 1901 ni ẹnjiníà kan, Hubert Cecil Booth, gbé tirẹ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin ló ń fà á dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, wọ́n á sì na páìpù gba ojú fèrèsé wọlé. Ti òde òní kéré, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná. Èyí tó jẹ́ 1,400 wáàtì máa jẹ yúníìtì 0.7 lórí mítà láàárín ìdajì wákàtí; jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó 1,000 wáàtì ò lè gbé e, ẹ má dán an wò. Ẹ béèrè bóyá asẹ́ rẹ̀ jẹ́ HEPA, èyí tó ń dá ìdá 99.97 nínú 100 dúró nínú eruku tó kéré tó 0.3 micron (micron 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan). Èyí tí asẹ́ rẹ̀ kò dára ń fa eruku níwájú, ó ń tú u jáde lẹ́yìn. Bí ẹ bá fọ asẹ́ tó ṣeé fọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24 kí ẹ tó dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eruku á di amọ̀ sára rẹ̀.

Ẹni tó ní ásímà nínú ilé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan kọ́. Kòkòrò inú eruku, tí kò ju nǹkan bíi 0.3 mìlímítà lọ, tó ń jẹ èépá ara ènìyàn, inú fóòmù àti ìrọ̀rí ló ti ń pọ̀ jù. Kì í gé ni jẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń fa híhin àti ìmí kíkúrú. Omi tó gbóná tó 60°C ló ń pa á lára bẹ́ẹ̀dìṣíìtì: ẹ da omi híhó àti omi ẹ̀rọ pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ ó súnmọ́ ọn, kí ẹ sì fi igi rò ó dípò ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dára. Àdìrẹ kò gba omi gbígbóná bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku nínú eruku náà, ẹ gbé mọ́ọ̀pù gbígbẹ àti ọwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Eku ilé kan wà tó ń gbé ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e, ẹni bá gbá a ní gbígbẹ lè fà á símú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ da bílíìṣì ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 9, ẹ fi rin ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi ìwé kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ so ọ̀rá náà. Ìwé ni kó jẹ́, kì í ṣe aṣọ mọ́ọ̀pù.

Ohun kan ló kù tí mọ́ọ̀pù ò lè bá wa ṣe: ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Báàgì Ghana-must-go, àpótí bàtà, ìkòkò ayẹyẹ, abọ́ ìṣàsùn, gbogbo wọn ń dá ògiri kéékèèké sílẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni eruku ń ṣù sí. Ẹ kó wọn sí ìlà kan ṣoṣo ní ìhà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, sórí pákó tó ní táyà mẹ́rin lábẹ́, kí ẹ lè fi ẹsẹ̀ tì í jáde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Káfíńtà á kan pákó bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹ sọ fún un pé kó jẹ́ kí gíga rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù dín díẹ̀ sí ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹrù má baà máa ha.